Ṣé Trump ni Merz ń bẹ̀rù, àbí ará ilé ẹ̀?

Ìbéèrè tó dá a sílẹ̀:

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Jámánì, ẹ dá mi lóhùn o. Mo wo fídíò ibi tí Merz, ṣánsẹ́lọ̀ tó ń ṣolórí ìjọba Jámánì, ti gbé ìwé-ìbí bàbá bàbá Trump sínú fírémù aláwọ̀ góòlù lọ bá a ní White House lóṣù kẹfà 2025, ó wá jókòó jẹ́jẹ́ bí ọkọ ìyàwó níwájú àna. Bẹ́ẹ̀ ní 2002, Schröder, ṣánsẹ́lọ̀ ìgbà náà, kojú Bush, ó ní Jámánì ò ní bá a lọ sógun Iraq, gbogbo ayé sì gbọ́. Ṣé ọkùnrin ti tán ní Berlin ni? Èmi sọ pé ojo ni Merz. Ẹni tó bá ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ kó wá sọ tiẹ̀."

*

Kaiserslautern ni mò ń gbé láti 2014, Ramstein tí àwọn ẹ̀rọ òfurufú ológun Amẹ́ríkà ti ń gbéra ò jìnnà sí mi rárá, ariwo wọn ló máa ń jí mi láàárọ̀, torí náà ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ fọhùn.

Ojú Trump lẹ̀ ń wò, ojú Merz lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo àwọn tó dúró sẹ́yìn Merz. Ṣánsẹ́lọ̀ Jámánì kì í ṣe ààrẹ bíi ti Abuja tàbí Washington tí aráàlú fọwọ́ ara wọn dìbò yàn. Bundestag, ilé aṣòfin wọn, ló ń yàn án, ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo kì í sábà lágbára tó láti dá ìjọba ṣe, wọ́n gbọ́dọ̀ so pọ̀ ní méjì tàbí mẹ́ta, ẹni tí wọ́n sì jọ so pọ̀ yẹn náà ló lè fa àga yọ nídìí ẹ̀. Merz gan-an, lọ́jọ́ 6 oṣù karùn-ún 2025 tí wọ́n fẹ́ yàn án, àwọn ẹgbẹ́ tó ń gbè é lẹ́yìn ní aṣòfin 328, ìbò 310 péré ló jáde, 316 ló sì nílò. Ó já bọ́! Irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí láti 1949. Ìgbà tó di ọ̀sán ni wọ́n tó tún un dì tó fi rí 325. Ìbò ìkọ̀kọ̀ sì ni, kò sẹ́ni tó mọ àwọn tó dà á títí dòní. Ẹni tí ará ilé ẹ̀ ṣe báyìí sí, oṣù kan géérégé lẹ́yìn náà ló wọ bàálù lọ bá Trump. Ẹ ro ìyẹn mọ́ ọn kí ẹ tó pè é lójo.

*

Ẹnì kan ti fèsì pé àwáwí ni mò ń ṣe, pé Schröder náà ní alájọṣe, àwọn Greens, ó sì sọ̀rọ̀ bí ọkùnrin.

Ó dáa. Ṣé ẹ mọ ìgbà tó sọ ọ́ ni? Oṣù kẹjọ 2002 ni, ní Hannover, níbi tí wọ́n ti ń ṣí ìpolongo ìbò. Ìbò ku ọ̀sẹ̀ méje, Stoiber tó wá láti Bavaria tí wọ́n jọ ń du àga ló wà níwájú, àwọn tí ò níṣẹ́ lọ́wọ́ tó mílíọ̀nù mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ òun fúnra ẹ̀ ló fẹnu ara ẹ̀ sọ ní 1998 pé òun máa já a wálẹ̀ sí mílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti owó ti dójú tì, kí ló tún fẹ́ máa polongo? Ó gbá Iraq mú. Odò Elbe tún wá kún bo àwọn ìlú ní ìlà-oòrùn lóṣù kan náà, ó wọ bàtà rọ́bà lọ síbẹ̀, gbogbo tẹlifíṣọ̀n gbé e. Ní ìlà-oòrùn yìí náà ni ẹgbẹ́ PDS, àwọn ọmọ ẹ̀yìn ìjọba kọ́múnísì àtijọ́, ti ń kó ìbò àwọn tó kórìíra ogun, Schröder bọ́ sáàrin wọn ó gba ìbò yẹn mọ́ wọn lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n kà á tán lọ́jọ́ 22 oṣù kẹsàn-án, SPD, ẹgbẹ́ Schröder, ní pasẹ́ńtì 38.5, ẹgbẹ́ Stoiber náà ní 38.5, bí ìbò 6,000 ni wọ́n fi ju ara wọn lọ ní gbogbo ilẹ̀ Jámánì! Kí ẹ mú Iraq kúrò níbẹ̀, Stoiber ni ṣánsẹ́lọ̀.

Mínísítà ètò ìdájọ́ Schröder tiẹ̀ lọ fi ọgbọ́n òṣèlú Bush wé ti Hitler lọ́jọ́ díẹ̀ sí ìbò, ó ní ńṣe ló ń fi ogun bo ìṣòro ilé. Inú bí Bush débi pé kò fóònù Schröder láti kí i kú oríire. (Ó pa mí lẹ́rìn-ín pé ìjọba tó ń fi Iraq bo àìríṣẹ́ṣe mọ́lẹ̀ ló ń bú ẹlòmíì pé ó ń fi ogun bo nǹkan.)

Èyí tí ẹ ò wá rí nínú fídíò àtijọ́ nìyí. Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ ní 2003, Schröder ò ti Ramstein, kò ti ojú òfurufú Jámánì mọ́ wọn, àwọn sójà Jámánì ló ń ṣọ́ ẹnu géètì bárékè Amẹ́ríkà kí àwọn tibẹ̀ lè ráàyè lọ jà, ọsibítù Landstuhl tí mo máa ń gba ẹ̀bá ẹ̀ kọjá ni wọ́n ń kó àwọn tó fara gbọgbẹ́ wá. Ó fẹnu kọ̀, ó fọwọ́ gbà. N ò ní kò jẹ̀bi tàbí ó jẹ̀bi, ogun yẹn ò dáa látìbẹ̀rẹ̀, ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí ẹ ń pè ní akọni yẹn, àwọn olùdìbò ilé ẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀, Bush kàn wà níbẹ̀ ni.

Merkel tó jẹ́ olórí alátakò nígbà náà sì kọ àpilẹ̀kọ sínú ìwé ìròyìn Washington Post lóṣù kejì 2003 pé kì í ṣe gbogbo Jámánì ni Schröder ń gbẹnu sọ fún. Ọ̀rọ̀ abẹ́lé Jámánì ni wọ́n gbé lọ jà sí Washington yẹn o.

*

Ọ̀pọ̀ nínú yín ń sọ pé ìwà ààrẹ Amẹ́ríkà ló ń ba nǹkan jẹ́, pé Bush jẹ́ jàgídíjàgan, Trump jẹ́ oníjàngbọ̀n, tó bá jẹ́ èèyàn dáadáa ló wà níbẹ̀ kò ní síjà.

Obama ńkọ́? Lọ́dún 2008 tó wá sí Berlin, kò tíì di ààrẹ o, bí èèyàn 200,000 ló lọ gbọ́ ọ níbi Siegessäule. Kò sí olóṣèlú Jámánì tí wọ́n fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ lọ́jọ́ 17 oṣù kẹta 2011 tí Ìgbìmọ̀ Ààbò ti United Nations ń dìbò lórí Libya, Amẹ́ríkà sọ bẹ́ẹ̀ ni, Faransé sọ bẹ́ẹ̀ ni, àní Nàìjíríà tiwa tó wà níbẹ̀ nígbà yẹn sọ bẹ́ẹ̀ ni, Jámánì lọ jókòó ti Rọ́ṣíà àti Ṣáínà, wọn ò sọ bẹ́ẹ̀ ni wọn ò sọ rárá. Ọjọ́ mẹ́wàá péré ló kù kí wọ́n dìbò ní Baden-Württemberg níbi tí CDU, ẹgbẹ́ Merkel tó ti di ṣánsẹ́lọ̀ nígbà náà (ẹgbẹ́ Merz náà sì ni), ti ń ṣèjọba fún ọdún 58, iléeṣẹ́ iná nukilia Fukushima ṣẹ̀ṣẹ̀ bú gbàù ní Japan, gbogbo ìlú ti gbóná. Ta ló fẹ́ gbé ogun tuntun dé iwájú olùdìbò nírú àsìkò yẹn? Àwọn kan ní ọ̀tọ̀ ni ìdí tí Westerwelle, mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè ìgbà náà, ní lọ́kàn, pé kò gba ti ogun ni. Ó ṣeé ṣe. Àmọ́ mo mọ bí olóṣèlú ṣe ń ka kàlẹ́ńdà. Wọ́n pàdánù ìbò yẹn náà ṣá.

Ti fóònù tún wà ńbẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 2013 tí Snowden tú àṣírí NSA, àjọ amí Amẹ́ríkà, ìbò Jámánì ku díẹ̀, àwọn ará ọ́fíìsì Merkel sáré jáde lóṣù kẹjọ pé ọ̀rọ̀ ti parí, kò sí wàhálà mọ́. Wọ́n dìbò, wọ́n wọlé. Oṣù kẹwàá ló wá jáde pé fóònù Merkel fúnra ẹ̀ wà lára ohun tí Amẹ́ríkà ń gbọ́! Ìgbà yẹn ni kò parí mọ́. Ó ní kò dáa rárá kí ọ̀rẹ́ máa ṣe amí ọ̀rẹ́, ọdún tó tẹ̀lé e wọ́n ní kí ọ̀gá CIA tó wà ní Berlin máa lọ. Nígbà tó di 2015 a tún gbọ́ pé àwọn amí Jámánì fúnra wọn ti ń bá NSA ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó.

Torí náà ìwà ààrẹ wà lára ẹ̀ lóòótọ́, mi ò jiyàn ìyẹn tán, Trump le ju àwọn tó kù lọ. Àmọ́ ẹni rere náà ò bọ́ lọ́wọ́ kàlẹ́ńdà ìbò wọn.

*

Ẹni tó bi mí bóyá lóòótọ́ ni àwọn ará ibí fẹ́ kí sójà Amẹ́ríkà máa lọ: ọ̀rọ̀ ńlá lẹ bi mí yẹn.

Nígbà tí mo ń wá ilé ní 2016, láǹlọ́ọ̀dù kan wò mí lójú ó ní òun ò ní fi ilé òun fún mi, pé ará Amẹ́ríkà lòun ń retí torí ìjọba wọn ló ń san rẹ́ǹtì, kì í pẹ́, wọn kì í sì í dúnàádúrà. Ó dùn mí. Àmọ́ ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó ń tún mọ́tò ṣe, ẹni tó ń gé irun, gbogbo wọn ló ń jẹ lára àwọn sójà yẹn. Ní gbogbo Jámánì wọ́n tó bí 35,000. Nígbà tí Trump sọ ní 2020 pé òun máa kó bí 12,000 kúrò láti fi jẹ Merkel níyà torí owó ológun, ẹ mọ àwọn tó ké jù? Àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ mẹ́rin tí bárékè wà lọ́dọ̀ wọn, wọ́n kọ lẹ́tà lọ bá àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà tààrà. Biden ló dé tó dá a dúró. (Stuttgart náà ni AFRICOM wà, orí iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà fún gbogbo Áfíríkà, torí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè wa ò gbà kí wọ́n gbé e wá sọ́dọ̀ wọn. Ìyẹn ti di ọ̀rọ̀ mìíràn.)

Ìbò oṣù kejì 2025 wá dé, níbí yìí, ní Kaiserslautern tó ń jẹ lára Amẹ́ríkà, AfD, ẹgbẹ́ apá ọ̀tún paraku, ló gba ipò kìíní nínú ìbò ẹgbẹ́. Ní ìwọ̀-oòrùn Jámánì, àwa àti Gelsenkirchen nìkan ni. Mo ṣì ń ronú lé e lórí.

*

Ẹ padà sọ́rọ̀ owó, torí ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ so sí, mo sì rí i pé ẹ̀ ń sáré kọjá ibẹ̀.

Ìtàn Ludwig Erhard, ṣánsẹ́lọ̀ ìgbà kan. Ọ̀rẹ́ Johnson, ààrẹ Amẹ́ríkà, ni o, Johnson ti gbà á lálejò ní oko ẹ̀ ní Texas ní 1963. Nígbà tó di 1966, sójà tí Amẹ́ríkà fi sí Jámánì ń gba dọ́là lọ́wọ́ wọn, Vietnam tún ń gbọn àpò wọn, wọ́n ní kí Jámánì máa ra ohun ìjà lọ́wọ́ àwọn láti fi dí i. Erhard gbéra lọ Washington lóṣù kẹsàn-án, ó bẹ ọ̀rẹ́ ẹ̀ kó fún òun láyè díẹ̀, bọ́jẹ́ẹ̀tì òun ò dúró dáadáa. Johnson ò gbà. Ó padà wálé lọ́wọ́ òfo. Oṣù kẹwàá, àwọn mínísítà FDP tí wọ́n jọ ń ṣèjọba fipò sílẹ̀ torí ìjà bọ́jẹ́ẹ̀tì, kí ọdún tó parí Kiesinger ti wà lórí àga. Gbogbo ṣánsẹ́lọ̀ tó ń jókòó síwájú ààrẹ Amẹ́ríkà tó ń béèrè owó ló mọ ìtàn yẹn.

Merkel gbà ní ìpàdé NATO ní Wales ní 2014 pẹ̀lú àwọn tó kù pé àwọn máa sún mọ́ pasẹ́ńtì 2 ọrọ̀ ajé fún ọ̀rọ̀ ológun. Trump dé, ó ń pariwo owó náà, ariwo yẹn gan-an ló sì bà á jẹ́, torí SPD tí wọ́n jọ wà nínú ìjọba sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìpolongo ní 2017, ẹni tó bá ní ká san án dà bí ẹni tó ń jíṣẹ́ Trump. Kí Merkel náà má bàa pàdánù, ó wọ àgọ́ ọtí bíà kan ní Munich lóṣù karùn-ún ọdún yẹn, ó ní ìgbà tí àwọn lè gbára lé ẹlòmíì pátápátá ti ń kọjá lọ. Ayé gbé e kiri bíi pé ó já okùn. Oṣù mẹ́rin ló kù kí wọ́n dìbò, ẹgbẹ́ ẹ̀ ló pe ìpàdé yẹn, bíà ni wọ́n ń mu. Jámánì ò dé pasẹ́ńtì 2 títí Putin fi wọ Ukraine tí Scholz, ṣánsẹ́lọ̀ tó tẹ̀lé Merkel, fi ya 100 bílíọ̀nù yúrò sọ́tọ̀, 2024 ni wọ́n tó dé ibẹ̀.

*

Fírémù náà wá kàn báyìí. Ẹ̀yin rò pé fírémù ni ẹ̀bùn? Oṣù kẹta ni Merz ti ra ẹ̀bùn tó gbé lọ.

Wọ́n ní òfin kan nínú ìwé òfin ilẹ̀ wọn láti 2009 tí kì í jẹ́ kí ìjọba àpapọ̀ yáwó kọjá pasẹ́ńtì 0.35 ọrọ̀ ajé. Merz fi gbogbo ìpolongo gbèjà ẹ̀. Wọ́n dìbò lọ́jọ́ 23 oṣù kejì 2025, AfD gba 20.8, Die Linke, ẹgbẹ́ apá òsì, náà gbérí, nígbà tí wọ́n kà á wọ́n rí i pé àwọn méjèèjì pa pọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta ilé aṣòfin tuntun lọ, bẹ́ẹ̀ ìdá méjì nínú mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ gbà kí wọ́n tó lè tún un ṣe, ìyẹn ni pé kò sẹ́ni tó máa lè tún òfin yẹn ṣe mọ́ láì bẹ ọ̀kan nínú wọn. Kí ló ṣe? Ó pe ilé aṣòfin ÀTIJỌ́ padà kó tó túká, ó fún SPD tí wọ́n jọ fẹ́ ṣèjọba ní àpò 500 bílíọ̀nù fún ojú irin àti afárá, ó fún Greens ní 100 bílíọ̀nù nínú ẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, wọ́n bá a tún òfin náà ṣe lọ́jọ́ 18 oṣù kẹta, owó ológun tó bá ti kọjá pasẹ́ńtì kan ò sí lábẹ́ ẹ̀ mọ́. Àwọn tó dìbò fún un pè é ní elékèé. Òun ló jẹ́ kó lè wọ Oval Office lóṣù kẹfà láì bẹ̀bẹ̀ bíi ti Erhard, òun náà ló jẹ́ kó lè fọwọ́ sí pasẹ́ńtì 5 ní ìpàdé NATO ní The Hague lóṣù kan náà nígbà tí Sípéènì ń janpata.

Ẹni yìí náà ló ti jẹ́ alága Atlantik-Brücke, ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́ Amẹ́ríkà, fún ọdún mẹ́wàá, tó bá BlackRock, iléeṣẹ́ ìdókòwò Amẹ́ríkà, ṣiṣẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ tó wọlé ìbò, ó ní a gbọ́dọ̀ gba òmìnira lọ́wọ́ Amẹ́ríkà díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó ń gbọ́ ọ nílé ló sọ ìyẹn fún.

*

"Ṣùgbọ́n ó yẹ kó bú wọn nígbà tí Vance wá Munich." Mo rí i, ẹ̀yin mẹ́ta lẹ sọ ọ́.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré sí ìbò ni Vance, igbákejì ààrẹ Amẹ́ríkà, dúró ní Munich tó ní kò sí àyè fún ògiri tí àwọn ẹgbẹ́ tó kù mọ láàrin ara wọn àti AfD, ó rí Weidel, olórí AfD, kò rí Scholz. Musk ti bá Weidel sọ̀rọ̀ lórí X lóṣù kìíní. Nígbà tí àjọ tó ń dáàbò bo òfin ilẹ̀ sọ lóṣù karùn-ún pé ẹgbẹ́ aláṣejù gidi ni AfD, Rubio, mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè Amẹ́ríkà, ní ìwà agbonimọ́lẹ̀ ni. Merz sọ̀rọ̀ padà sí wọn o, kò dákẹ́. Àmọ́ ẹ wo ibi tó há sí. Tó bá bá Trump jà, AfD á ní àwa la lè bá Washington sọ̀rọ̀. Tó bá dì mọ́ ọn jù, SPD tí wọ́n jọ ń ṣèjọba á ní wò ó. Tí owó ẹnu ibodè lórí mọ́tò bá sì lọ sókè, ìpínlẹ̀ Niedersachsen tó ni pasẹ́ńtì 20 agbára ìbò nínú Volkswagen á fóònù. Ìdí nìyẹn tó fi ń lé àwọn ará EU ní Brussels pé kí wọ́n yára, nígbà tí wọ́n gbà á ní pasẹ́ńtì 15 ní Scotland lọ́jọ́ 27 oṣù keje, 27.5 ni mọ́tò ń san tẹ́lẹ̀, ó kọ́kọ́ kí wọn, ọjọ́ kejì ó ní ìpalára ńlá ni. Faransé pè é ní ọjọ́ òkùnkùn. Mọ́tò mélòó ni Faransé ń tà fún Amẹ́ríkà?

*

Ẹni tó dá ìbéèrè sílẹ̀ ti padà wá, ó ní òun ti ka gbogbo ẹ̀, ojo ṣì ni.

Ẹ padà lọ wo fídíò yẹn dé ìparí. Nígbà tí Merz dárúkọ ọjọ́ 6 oṣù kẹfà tí àwọn sójà Amẹ́ríkà balẹ̀ sí Normandy ní 1944, Trump ní ọjọ́ yẹn ò dùn mọ́ ẹ̀yin nínú, Merz sì dá a lóhùn níwájú gbogbo oníròyìn pé ọjọ́ yẹn ló tú orílẹ̀-èdè òun sílẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba Nazi. Ojo kì í sọ ìyẹn nínú yàrá yẹn. Èyí tí kò sọ ni ti Friedrich Trump, ẹni inú fírémù. Kallstadt ni wọ́n ti bí i, kò jìnnà síbí, ọtí wáìnì wọn dùn. Ó lọ Amẹ́ríkà ní 1885 kó tó tó ọjọ́ orí sójà, nígbà tó padà wálé pẹ̀lú owó, ìjọba Bavaria ní ó sá fún iṣẹ́ ológun, wọ́n lé e jáde ní 1905. Ká ní èmi ni mo gbé fírémù yẹn lọ, mi ò ní lè pa ìtàn yẹn mọ́nú, pasẹ́ńtì 27.5 la ṣì máa máa san lórí mọ́tò.